Sátidé mẹ́wàá ní kíláàsì ìpìlẹ̀ orin kan ní Òkè-Àdó: ọpọ́n ayò ló là mí lójú

Olùkọ́ Yorùbá ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ girama, ọdún kẹtàdínlógún mi sì rèé nídìí iṣẹ́ náà. Mi ò kọ́ orin rí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà kìíní ọdún tó kọjá ni ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ wa pè mí sí ọ́fíìsì. Wọ́n ní olùkọ́ tó ń mú ẹ̀ka orin nínú Cultural and Creative Arts ti fẹ̀yìn tì, wọn ò sì tíì rí ẹni fi rọ́pò rẹ̀, kí n jọ̀wọ́ bá wọn di JSS 1 mú ná. "Ẹ̀yin kúkú mọ dò-re-mí, mà," ni wọ́n wí.

Òótọ́ ni. Dò-re-mí ni mo fi ń jẹun: dò fún ohùn ìsàlẹ̀, re fún ohùn àárín, mí fún ohùn òkè. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ṣí ìwé tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọmọ náà, tí mo rí ìlà márùn-ún tí nóòtì tò sórí rẹ̀ bí ẹyẹ ẹ̀gà lórí wáyà iná, ọkàn mi pòrúurùu. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní nǹkan tí èmi fúnra mi ò mọ ìdí rẹ̀. Mo kọ ọ́ sójú pátákó, wọ́n dà á kọ, agogo lù, a túká. Ó dùn mí wọra, torí mi ò kọ́ ọmọ báyẹn rí láyé mi.

Mo kọ́kọ́ sanwó sí ibì kan tí mi ò ní dárúkọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo lò níbẹ̀. Olùkọ́ wọn kọ orúkọ ìlà àti àlàfo sílẹ̀ pé ká há a sórí, a há a. Ó kọ iye ṣáàpù (ààmì tó ń gbé nóòtì sókè díẹ̀) tó wà nínú kíì kọ̀ọ̀kan (kíì ni ohùn tí orin fi ṣe ilé) pé ká há a sórí, a tún há a. Mo wá béèrè pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ló dé tí F fi gbọ́dọ̀ di F ṣáàpù nínú kíì G?" Ó ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Mi ò padà lọ mọ́. Ìbéèrè yẹn gan-an ni ọmọ ọdún mọ́kànlá máa bi mí, mi ò sì lè dá a lóhùn báyẹn.

Ará ṣọ́ọ̀ṣì wa kan ló júwe ti Òkè-Àdó yìí fún mi. Yàrá kan ni, lẹ́yìn ilé ìjọsìn kan, níbí ní Ìbàdàn. Sátidé mẹ́wàá, aago mẹ́sàn-án àárọ̀ sí mọ́kànlá, ₦30,000 lápapọ̀, o sì lè san án lẹ́ẹ̀mejì. Bàbá tó ń kọ́ wa ti lé ní àádọ́rin ọdún. Wọ́n tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì títí eékún fi bẹ̀rẹ̀ sí í dùn wọ́n. Àwa mọ́kànlá la jọ bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọkùnrin méjì wà tí wọ́n ń múra ìdánwò Grade 5 ti ABRSM, ẹgbẹ́ ìdánwò orin kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń lu gángan, ọ̀kan tó ń fun tírọ́ńpẹ́ẹ̀tì, ọ̀kan tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù ní ìjọ aláṣọ funfun, àwọn akọrin obìnrin mélòó kan, àti èmi. Bàbá ń pe gbogbo wa ní "ẹ", títí kan àwọn ọmọ ogún ọdún. Èmi ni wọ́n ń pè ní Ìyá Tíṣà.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wọn ò tètè fọwọ́ kan ṣọ́ọ̀kì. Wọ́n gbé ọwọ́ òsì wọn síwájú àyà, àtẹ́lẹwọ́ kọjú sí wọn, ìka yà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ìka mélòó? Márùn-ún. Àlàfo mélòó ló wà láàárín wọn? Mẹ́rin. Sítáàfù nìyẹn, ìlà márùn-ún, àlàfo mẹ́rin. Ìka tó kéré jù ni ìlà ìsàlẹ̀, àtàǹpàkò ni ti òkè. Wọ́n wá ya treble clef, ààmì tó ń wà níbẹ̀rẹ̀ sítáàfù fún ohùn òkè, wọ́n ní ká wo ìlà tí ikùn rẹ̀ ká mọ́. Ìlà kejì láti ìsàlẹ̀ ni. Ìlà yẹn ni G, ìka tí à ń fi òrùka sí ni. Láti ibẹ̀, kíka ló kù, láti A dé G, ká tún padà sí A: àlàfo tó wà lókè rẹ̀ ni A, ìlà tó tẹ̀ lé e ni B, àlàfo tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ni F. Ti bass clef, ààmì ohùn ìsàlẹ̀, náà ní ẹyin méjì tó há ìlà kẹrin sáàárín; ìlà yẹn ni F. Láàárín ogún ìṣẹ́jú, èmi tí mo ti fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta há nǹkan sórí níbòmíràn ń ka nóòtì lórí ìka ọwọ́ mi. Mo ka á nínú máíkírà títí mo fi délé.

Gígùn nóòtì, ẹsẹ̀ la fi kọ́ ọ. A dìde, a ń rìn yí yàrá po, ìgbésẹ̀ kan fún crotchet kan. Minim, ẹ di ohùn mú fún ìgbésẹ̀ méjì. Semibreve, mẹ́rin. Quaver, méjì nínú ìgbésẹ̀ kan. Bí ẹ bá rí ààmì tóótòòtó lẹ́gbẹ̀ẹ́ nóòtì, ẹ fi ìdajì rẹ̀ kún un, minim wá di mẹ́ta. Mi ò ní pẹ́ lórí èyí torí ó rọrùn.

Sátidé kẹta ni mo fẹ́ sọ. Bàbá gbé ọpọ́n ayò wọlé. Ọpọ́n ayò gidi, tí etí rẹ̀ ti ń dán nítorí ọwọ́ tó ti pẹ́ lára rẹ̀. Ẹni tó bá ti ta ayò rí mọ̀ pé ihò mẹ́fà mẹ́fà ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan, méjìlá lápapọ̀. Wọ́n ní kí ọmọ tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù wá ka bọ́tìnì pìyánò láti C, funfun àti dúdú pọ̀, kó dúró kó tó kan C mìíràn. Méjìlá. Wọ́n ní ó dáa, ihò kọ̀ọ̀kan dúró fún bọ́tìnì kan. Ihò kìíní ni C. Láti ihò kan sí èyí tó fara tì í, ìdajì ìgbésẹ̀ ni, òun ni semitone. Bí ẹ bá fo ihò kan, odidi ìgbésẹ̀ ni.

Wọ́n mú ọmọ ayò méje. Wọ́n sọ ọ̀kan sínú ihò kìíní, ọ̀kan sí ìkẹta, ọ̀kan sí ìkarùn-ún, ọ̀kan sí ìkẹfà, ọ̀kan sí ìkẹjọ, ọ̀kan sí ìkẹwàá, ọ̀kan sí ìkejìlá. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ni ọmọ oníkíbọ́ọ̀dù ń tẹ bọ́tìnì rẹ̀, a sì ń gbọ́ ọ: dò, re, mi, fa, so, la, ti. Lẹ́yìn ihò kejìlá, ọpọ́n yí po, a padà sí ihò kìíní, dò. Odidi, odidi, ìdajì, odidi, odidi, odidi, ìdajì. Ohun tí wọ́n ń pè ní major scale nìyẹn, Bàbá ń pè é ní àkàbà ohùn. Mo rí i lójú kòròkòrò pé ìgbésẹ̀ àkàbà náà ò dọ́gba. Ibi méjì wà tí ọmọ ayò ti fara kanra, láàárín mi àti fa, àti láàárín ti àti dò.

Wọ́n kó ọmọ ayò kúrò. "Ìyá Tíṣà, ẹ wá gbin tiyín. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ihò kẹjọ."

Ihò kẹjọ ni G. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbìn: ìkẹjọ. Odidi, ìkẹwàá. Odidi, ìkejìlá. Ìdajì, mo yí dé ìkìíní. Odidi, ìkẹta. Odidi, ìkarùn-ún. Ó wá ku odidi kan. Mo fo ihò kẹfà, ọmọ ayò mi bọ́ sí ìkeje.

"Ihò keje yẹn, ṣé a gbin nǹkan sí i lẹ́ẹ̀kan?"

Rárá sà. Ìkẹfà la gbìn sí.

"Kí ló wà ní ìkẹfà?"

F.

"Ìkeje ńkọ́?"

Mi ò lè dáhùn. Mo kàn di etí ọpọ́n náà mú. F ṣáàpù ni. Ẹnikẹ́ni ò pa á láṣẹ fún G pé kó mú F ṣáàpù. Ó gbé ilé rẹ̀ kúrò ní ihò kìíní lọ sí ìkẹjọ, ó fẹ́ kí ìgbésẹ̀ rẹ̀ rí bí ó ṣe rí nílé àkọ́kọ́, ọmọ ayò kan ṣoṣo ló sì ní láti sún kó lè rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo ti ń wá láti nǹkan bí oṣù méjì nìyẹn. Àwọn tó kù nínú kíláàsì pàtẹ́wọ́ fún mi, mi ò mọ ìgbà tí omi bọ́ lójú mi.

A tún gbìn láti D, ọmọ inú ihò kìíní náà sún lọ sí ìkejì, C di C ṣáàpù. Méjì ti pé. A gbìn láti F, ti ihò kejìlá padà sẹ́yìn sí ìkọkànlá, B di B fúlátì. Lọ́jọ́ yẹn, ọmọ tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù ò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Nígbà tí a jáde ló jẹ́wọ́ fún mi pé láti ọdún mẹ́fà tí òun ti ń tẹ̀ ní ìjọ àwọn, kíì kan ṣoṣo lòun mọ̀, bọ́tìnì "transpose" ló ń bá òun gbé e lọ gbé e bọ̀. Ó ní òun ò mọ̀ pé ìrìn kan náà ni gbogbo wọn.

Ọ̀rọ̀ dò-re-mí ló kàn, ibẹ̀ ni Bàbá ti tún èmi fúnra mi ṣe. Mo ti máa ń sọ fún àwọn ọmọ kíláàsì mi pé àmì ohùn Yorùbá àti sólfà orin, nǹkan kan náà ni. Bàbá gbọ́ ọ lẹ́nu mi, wọ́n rẹ́rìn-ín jẹ́jẹ́, wọ́n ní kí onígángan bọ́ síwájú. Wọ́n ní kó lu ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀, kí á máa sọ èyí tó lù. Kò sẹ́ni tó ṣì í. Wọ́n ní kó fún ọsán ìlù pinpin, kó tún un lù. Ìlù ròkè, àlàfo tó wà láàárín ohùn òkè àti ti ìsàlẹ̀ yí padà, síbẹ̀ a gbọ́ ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ láìṣì. Wọ́n ní kó dẹ ọsán díẹ̀. A tún gbọ́ ọ.

"Ṣé ẹ rí i?" ni Bàbá wí. Nínú ọ̀rọ̀ ẹnu, kí òkè sáà ti ga ju àárín lọ, kí àárín ga ju ìsàlẹ̀ lọ, ọ̀rọ̀ ti yéni. Ohùn ìsàlẹ̀ ọmọdé lè ga ju ohùn òkè bàbá rẹ̀ lọ, a ò sì ní ṣi àwọn méjèèjì gbọ́. Ṣùgbọ́n nínú orin, láti dò dé mi, ihò mẹ́rin ni. Kò gbọdọ̀ lé, kò gbọdọ̀ dín. Bí ó bá dín kan péré, orin ti di nǹkan mìíràn. Orúkọ lásán ni àmì ohùn wa yá lára sólfà. Ohun tí wọ́n fi jọra ni pé kò séyìí tó ní ibùgbé kan pàtó: dò lè jókòó sórí C lónìí, kó jókòó sórí G lọ́la, ibi tó bá jókòó sí ni àwọn yòókù máa ti kà. Mo ti ṣe àtúnṣe rẹ̀ níwájú àwọn ọmọ mi báyìí. Mo sọ fún wọn pé mo ṣì í kọ́ wọn tẹ́lẹ̀.

Ibẹ̀ náà ni Bàbá ti sọ bí sólfà ṣe dé ọ̀dọ̀ wa. Olùkọ́ obìnrin kan, Sarah Glover, ní ìlú Norwich nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló gbé ìlànà náà kalẹ̀ kí àwọn ọmọdé lè kọrin láìṣe pé wọ́n ń jà pẹ̀lú sítáàfù. John Curwen tún un ṣe, ó sì tàn án káàkiri ní nǹkan bí 1840 lọ sókè. Àwọn míṣọ́nnárì ló gbé e wá. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wa fi lè ka "d:r|m:–" lójú ìwé bí ẹni ń ka Bíbélì, tí wọn ò sì mọ ìlà kan lórí sítáàfù. Wọ́n tún mẹ́nu ba olóògbé T. K. E. Phillips, tó tẹ dùùrù ní Cathedral Church of Christ ní Marina, Èkó, láti 1914 títí di 1962. Ó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ figbe ta pé orin òyìnbó tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ Yorùbá wọ̀ ń yí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ po, torí orin ń sọ̀ kalẹ̀ níbi tó yẹ kí ọ̀rọ̀ gùn òkè. Mo ti mọ ìṣòro yẹn láti apá èdè. Mi ò rí i láti apá orin rí. Fi "ọkọ" sórí nóòtì méjì tí èkejì rẹ̀ lọ sílẹ̀, ìyàwó tó ń kọrin nípa ọkọ rẹ̀ ti ń kọrin nípa mọ́tò.

Mo ṣì ní láti sọ ti Sátidé kẹfà. Ọpọ́n ayò náà ni wọ́n tún gbé jáde, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, àkókò la fi ihò rẹ̀ kà, ihò kọ̀ọ̀kan jẹ́ quaver kan. Onígángan mú agogo. Wọ́n ní kó lu kónkóló tó ti mọ̀ láti kékeré: kón, kón, kó-ló, kón, kó-ló. Bí ó ṣe ń lù ú ni Bàbá ń sọ ọmọ ayò sínú ihò tí ìró bọ́ sí. Ìkìíní, ìkẹta, ìkarùn-ún, ìkẹfà, ìkẹjọ, ìkẹwàá, ìkọkànlá. Lẹ́yìn náà wọ́n ní kí àwa tó kù máa gbẹ́sẹ̀ ijó sí i, ìgbésẹ̀ mẹ́rin nínú yíyípo kan. Ẹsẹ̀ bọ́ sí ìkìíní, ìkẹrin, ìkeje àti ìkẹwàá. Ẹ wò ó dáadáa: ti ìkìíní àti ìkẹwàá bá agogo ṣe déédéé, ti ìkẹrin àti ìkeje bọ́ síbi tí agogo ti dákẹ́. Ohun tó ń gbé ara wa nígbà tí a bá ń jó nìyẹn. Bí a bá fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀, 12/8 ni, quaver mẹ́ta nínú ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ crotchet tó ní tóótòòtó lẹ́gbẹ̀ẹ́. Compound time tí ìwé fi ojú ewé mẹ́rin ṣàlàyé, tí mi ò lóye gbólóhùn kan níbẹ̀, mo ti ń jó o láti ìgbà tí mo ti ń ba ìyá mi lọ òde.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ Grade 5 ló kígbe. Ó ní, "Bàbá, ihò tí kíì F gbà lọ́jọ́sí nìyí!" A wò ó, òótọ́ ni, gbogbo méjèèje bára mu. Bàbá ní àwọn ti ń dúró kí ẹnì kan rí i. Wọ́n mú ọmọ ayò ìkọkànlá, wọ́n sún un sí ìkejìlá, wọ́n ní kí onígángan lu èyí. Ó lù ú. Ìrìn tí wọ́n ń pè ní bembé ní Kúbà nìyẹn, níbi tí àwọn ọmọ Lukumí, ìran Yorùbá tó wà níbẹ̀, ti gbé ìlù òòṣà dúró títí dòní. Ihò rẹ̀ bá ti kíì C mu pátápátá. Bàbá kìlọ̀ fún wa pé ká má lọ sọ pé agogo ló bí àkàbà ohùn, tàbí pé àkàbà ló bí agogo. Ònkà ló mú wọn pàdé, méje nínú méjìlá, tí a pín kí wọ́n má jìnnà jù síra wọn. Mo gbà pẹ̀lú wọn. Síbẹ̀ mo délé lọ́jọ́ náà, mo gbá kónkóló sára tábìlì ilé ìdáná títí ọkọ mi fi béèrè pé ṣé kò sí nǹkan.

Kọ́ọ̀dù, ìyẹn nóòtì mélòó kan tí a tẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ ó gbọ́ ọ ní Sátidé keje. Dò-mi-so ni kọ́ọ̀dù kìíní, fa-la-dò ni ìkẹrin, so-ti-re ni ìkarùn-ún, ẹ sì lè fi mẹ́ta yìí gbé ọ̀pọ̀lọpọ̀ orin ìyìn tí à ń kọ lọ́jọ́ Ìsinmi. Ọmọ oníkíbọ́ọ̀dù gbádùn ọjọ́ yẹn jù mí lọ. Ẹni tó ń fun tírọ́ńpẹ́ẹ̀tì náà rí ìdáhùn tirẹ̀: tírọ́ńpẹ́ẹ̀tì B fúlátì ni tirẹ̀, bí ó bá fun C tó wà nínú ìwé, B fúlátì ni ayé ń gbọ́. Ó ti pẹ́ tó ti rò pé etí òun ló ń dun òun.

Ó wá ku ibi tó kù sí, mi ò sì ní fi pamọ́ torí owó ara mi ni mo san.

Ìwé tí wọ́n ń pín fún wa burú. Wọ́n ti ṣe fọ́tókọ́pì rẹ̀ láti ara fọ́tókọ́pì títí ìlà sítáàfù fi ń já. Nínú ìwé mìíràn èyí ìbá jẹ́ ọ̀rọ̀ kékeré, ṣùgbọ́n nínú ti orin, bí o ò bá rí i bóyá orí ìlà ni nóòtì wà tàbí inú àlàfo, kò sóhun tó o kà. Nígbà mẹ́ta ni mo gba iṣẹ́ àṣetiléwá mi padà pẹ̀lú àmì ìkùnà fún ohun tí ojú mi ò rí. Mo sọ ọ́ fún Bàbá, wọ́n bẹ̀ mí, wọ́n sì fún mi ní máàkì mi padà. Ìwé náà ò yí padà títí a fi parí.

Pìyánò inú yàrá náà ti lọ sílẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ Grade 5 fi áàpù fóònù rẹ̀ wọn A rẹ̀, hertz 428 ló rí (iye ìgbà tí ohùn ń gbọ̀n láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan), bẹ́ẹ̀ 440 ló yẹ kó jẹ́. Fún ẹni tó ń kọ́ àkàbà ohùn, kò ṣe nǹkan kan, torí gbogbo bọ́tìnì ló lọ sílẹ̀ pọ̀. Fún onítírọ́ńpẹ́ẹ̀tì, kò lè bá a fun rárá, a sì pàdánù ohun tí a bá fi kọ́ bí ohun èlò méjì ṣe ń bá ara wọn lọ.

Àwọn ọ̀rọ̀ Ítálì ni wọ́n sáré gbà kọjá jù. Ogójì ìṣẹ́jú péré ní Sátidé kẹsàn-án: piano, forte, crescendo, andante, allegro, da capo, fine, ó tó bí ọgbọ̀n. Lẹ́yìn gbogbo ohun tí wọ́n ti fi ọpọ́n àti agogo ṣe, ó dùn mí pé há-a-sórí la tún padà sí. Èmi ni mo jókòó nílé wá ọ̀rọ̀ tiwa fún wọn, torí àwọn ọmọ mi: piano, ẹ rọra, forte, ẹ kọ ọ́ kíkan, crescendo, ẹ máa gbé e sókè díẹ̀díẹ̀, andante, ìrìn ìfẹsẹ̀lẹ̀, da capo, ó di orí. Mo fi hàn Bàbá, wọ́n ní àwọn máa lò ó fún àwọn tó ń bọ̀. Mo retí kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀.

A kì í sì í bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́sàn-án. Mẹ́sàn-án ààbọ̀ ni, nígbà mìíràn ó máa ń kọjá bẹ́ẹ̀, mọ́kànlá sì ni wọ́n máa ń ti ilẹ̀kùn torí àwọn akọrin ń bọ̀ wá lo yàrá. Bí ẹ bá ṣírò rẹ̀, nǹkan bí wákàtí márùn-ún ló ṣègbé nínú ogún tí a sanwó fún.

Bí ìdánwò bá ni tiyín, ẹ mọ ohun tí ẹ ń rà. Grade 5 tíọ́rì ni ọ̀pọ̀ ń lé, torí òun ni wọ́n sábà máa ń béèrè lọ́wọ́ ẹni kó tó ṣe Grade 6 ti ohun èlò rẹ̀. Orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ń ṣe é báyìí, máàkì 75 ni gbogbo rẹ̀, 50 ni àṣeyege. Àwọn ọmọkùnrin méjèèjì wa lóye ìdí ohun gbogbo ju ẹnikẹ́ni lọ, ṣùgbọ́n ìbéèrè ìdánwò tí wọ́n bá Bàbá ṣe ò pọ̀ tó, ọ̀kan nínú wọn sì ní láti wá ẹni tó máa bá a ṣe é ní ọjọ́ Ọjọ́rú. Fún ẹni tó ń fi etí tẹ kíbọ́ọ̀dù ní ṣọ́ọ̀ṣì, fún akọrin tó fẹ́ mọ ohun tó ń kọ, àti fún olùkọ́ tí wọ́n gbé orin lé lọ́wọ́ bí wọ́n ṣe gbé e lé mi, mi ò mọ ibi tí mo lè rán yín lọ tó dára jù ú lọ ní Ìbàdàn. Bí wọ́n bá gba ₦45,000 lọ́wọ́ mi, màá san án.

Ní sáà yìí, mo ra páálí ẹyin lọ́wọ́ ìyá tó ń ta ẹyin díndín lẹ́nu géètì wa. Páálí ẹlẹ́yin ọgbọ̀n, mẹ́fà lọ́nà márùn-ún. Bí o bá gé ìlà méjì kúrò lára rẹ̀, ihò méjìlá nìyẹn. Páálí kan di ọpọ́n méjì, ó sì ṣẹ́kù ìlà kan. Ọmọ mọ́kànlélọ́gọ́ta ló wà nínú kíláàsì mi, wọ́n jókòó ní mẹ́rin-mẹ́rin yí ọpọ́n kọ̀ọ̀kan po, àgbàdo ni ọmọ ayò. Ọmọbìnrin kan lẹ́yìn kíláàsì nawọ́: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí ló dé tí kò sí bọ́tìnì dúdú láàárín E àti F?" Mo ní kó wo ọpọ́n iwájú rẹ̀, kó ka ihò karùn-ún àti ìkẹfà. Ó kà á. Ó tún un kà. Ó ní, "Kò sáyè níbẹ̀, mà. Wọ́n ti fara kanra." Ó wá wo òpin ọpọ́n láìjẹ́ pé mo sọ fún un, ó ní láàárín B àti C náà, bẹ́ẹ̀ ló rí.

Ìpele kejì bẹ̀rẹ̀ lóṣù tó ń bọ̀, minor scale, oríṣi àkàbà ohùn mìíràn, ló kàn, mo ti san ìdajì owó tèmi. Bí ẹ bá ń bọ̀, ẹ má mú bírò, pẹ́ńsù àti ìrésà ni kí ẹ mú. Ẹ ra ìwé tó ní ìlà sítáàfù tiyín dání, kí ẹ máa da iṣẹ́ kọ láti ojú pátákó, kí ẹ má gbójú lé fọ́tókọ́pì. Ẹ jókòó sápá ọ̀tún, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, torí ibẹ̀ nìkan ni ìmọ́lẹ̀ ti tó bí iná bá lọ.